Ẹkún Orí Tẹlifíṣàn, Ẹ̀sùn Orí Pápá

Ẹ jẹ́ kí n ro ohun tí ojú mi rí ládùúgbò wa fún yín, torí bí mo bá gbé e mì, jẹ̀díjẹ̀dí ló máa dà sí mi nínú!

Yétúndé lorúkọ mi. Mo gbá bọ́ọ̀lù gidi nígbà kan rí, ọwọ́ ẹ̀yìn ni mo máa ń gbá, kí orúnkún tó dá mi dúró. Ní báyìí, mo ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní bọ́ọ̀lù ní gbogbo Sátidé, lórí pápá iléèwé kan ní Ìgàndó. Bísọ́lá ni igbákejì mi. Ó ga, ó gẹ irun rẹ̀ mọ́lẹ̀, ṣòkòtò ló máa ń wọ̀, kò tíì lọ́kọ, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ńkọ́? Hàà! Ibi tó bá ní kí bọ́ọ̀lù lọ ló ń lọ.

Mọ́mì Fèyí lẹnì kejì tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Ó ní ṣọ́ọ̀bù onídìrí kan ní Ẹ̀gbẹ́dá, ibẹ̀ ni mo ti ń dirun. Fèyí, ọmọ rẹ̀, wà lára àwọn tí à ń kọ́. Mọ́mì Fèyí gbé tẹlifíṣàn ńlá kan kọ́ sára ògiri, nígbà tó sì yá, eré kan ṣoṣo ló kù tí wọ́n ń wò níbẹ̀.

Eré wo? Eré ìfẹ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù méjì nílùú òyìnbó. Ọkùnrin làwọn méjèèjì o! Ẹgbẹ́ tí ọ̀kan ń gbá fún kò fẹ́ rí ti èkejì sójú. Lórí pápá, wọ́n á máa fi èjìká gbá ara wọn. Bí eré bá tán, wọ́n á lọ pàdé ní kọ̀rọ̀. Wọ́n ń fi pa mọ́ fún kóòṣì, fún àwọn òǹwòran, àní fún ìyá tó bí wọn pàápàá.

Kí n má parọ́, eré náà ò wọ̀ mí lára. Kì í ṣe torí ohun tí ẹ̀ ń rò o. Àwọn agbábọ́ọ̀lù yẹn kì í làágùn ni! Bí wọ́n bá ti gbá bọ́ọ̀lù díẹ̀, wọ́n á dúró, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn lójú. Ṣé bọ́ọ̀lù náà á máa dúró dè wọ́n ni? Yàrá tí wọ́n ti ń pààrọ̀ aṣọ mọ́ ju ilé ìyàwó tuntun lọ. Ta ló gbá bọ́ọ̀lù rí tí kò mọ̀ pé ìbọ̀sẹ̀ tútù àti oògùn ìpara ló ń rùn níbẹ̀?

Ṣùgbọ́n Mọ́mì Fèyí àtàwọn oníbàárà rẹ̀? Wọ́n fẹ́ẹ̀ kú lé e lórí! Wọ́n ń pe ọ̀kan nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù náà ní Gíga, wọ́n ń pe èkejì ní Pupa mi. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ọkùnrin tó ni ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù pe Pupa sí ọ́fíìsì, tó ń bi í pé kí ló dé tí kì í mú obìnrin wá síbi àsè. Orí mi ṣì wà lọ́wọ́ Mọ́mì Fèyí nígbà yẹn. Ṣé ẹ mọ̀ pé obìnrin yìí fi irun mi sílẹ̀ láìdì tán, ó bọ́ bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì là á mọ́ ògiri?

"Kí ló kàn ẹ́ ńbẹ̀?" Ó ń pariwo mọ́ tẹlifíṣàn. "Ṣé ìyàwó ló fẹ́ bá ẹ gbá bọ́ọ̀lù ni? Jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ rímú mí, jàre!"

Obìnrin kan tó wà lábẹ́ ẹ̀rọ tó ń gbẹ irun tilẹ̀ bú sẹ́kún. Ẹkún gidi o! Ó ní àánú Pupa ń ṣe òun dé egungun.

Kò pẹ́ sígbà yẹn ni fóònù mi bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Bàbá kan ní ọmọ òun ò ní wá mọ́, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ àfikún ní Sátidé. Ìyá kan ní ẹsẹ̀ ń dun tòun. Ọmọ tó ń sáré yí pápá ká bí ìgalà! Mo wá pe ìyá kan tó ń gbé ní Ìpájà, ẹni tí irọ́ kì í rọ̀ lọ́rùn, ló bá jẹ́wọ́ fún mi. Ó ní Mọ́mì Fèyí ló ń sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀bù pé kí gbogbo ìyá tó bí obìnrin la ojú ẹ̀. Ó ní obìnrin tó gẹrun, tó ń wọ ṣòkòtò, tí ò sì lọ́kọ, ṣé ó dìgbà tí wọ́n bá lu agogo kí àwọn tó mọ irú èèyàn tó jẹ́?

Ní ṣọ́ọ̀bù kan náà! Lábẹ́ tẹlifíṣàn kan náà! Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi, kì í sì í ṣe pé ọ̀rọ̀ náà pa mí lẹ́rìn-ín.

Ṣé obìnrin bíi tirẹ̀ ni Bísọ́lá ń fẹ́ lóòótọ́ àbí kì í ṣe bẹ́ẹ̀? Mi ò bi í rí, òun náà ò sì sọ fún mi rí. Ohun tí mo mọ̀ ni pé kò sí ọmọ tó fẹjọ́ rẹ̀ sùn mí rí, lójú gbogbo ayé la sì ti ń ṣiṣẹ́ wa.

Mo pe àwọn òbí sí ìpàdé lórí pápá lẹ́yìn ìdánrawò. Mo ní kí Bísọ́lá dúró sílé lọ́jọ́ náà. Ó kọ̀.

"Àǹtí, tí mi ò bá wá, wọ́n á ní mo sá ni."

Mọ́mì Fèyí ló jókòó síwájú pátápátá, ó wé gèlè bí ẹni ń lọ ṣe ìdúpẹ́. Ó dìde, ó ní òun ò sọ pé ẹnikẹ́ni ṣe nǹkan kan o, ìbéèrè kékeré lásán lòun ní. Ló bá kọjú sí Bísọ́lá.

"Kóòṣì, ẹ máà bínú, kí ló dé tí ẹ ò tíì lọ́kọ?"

Bísọ́lá wolẹ̀, ó tún gbójú sókè.

"Mà, bọ́ọ̀lù ni mo wá kọ́ ọmọ yín. Ṣé mi ò kọ́ ọ dáadáa ni?"

"Ìyẹn kọ́ ni mo bi yín."

"Èyí tí mo lè dáhùn nìyẹn, mà."

Ara mi ò gbà á mọ́. Mo dìde fùú. "Mọ́mì Fèyí, ọjọ́ tí wọ́n bi Pupa yín ní irú ìbéèrè yìí, ta ló la bàtà mọ́ ògiri? Ṣé kì í ṣe orí tèmi ló wà lọ́wọ́ yín ni?"

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Mọ́mì Fèyí yíjú pa dà, ó wá ẹni náà, kò rí i.

"Fíìmù nìyẹn!" ó ní. "Tí mo bá pa tẹlifíṣàn, ó parí. Èyí, ọmọ mi ló wà lọ́wọ́ ẹ̀."

Mo ní ó dáa. Mo bi í bóyá Fèyí sọ pé Bísọ́lá ṣe ohun tí kò dáa sí òun. Ó ní rárá. Ọmọ ẹlòmíì ńkọ́? Ó ní òun ò gbọ́. Mo wá sọ fún gbogbo wọn pé ẹni tó bá ní ẹ̀sùn gidi, kó mú un wá, èmi gan-an ni màá kọ́kọ́ gbé e dìde. Ṣùgbọ́n mi ò ní lé èèyàn torí pé ó gẹrun. Ẹni tó bá fẹ́ mú ọmọ rẹ̀ lọ, ọ̀nà ṣí sílẹ̀.

Mọ́mì Fèyí fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó lọ. Àwọn kan tẹ̀ lé e. Ẹ má sì rò pé torí òdodo làwọn tó kù ṣe dúró o! Bàbá kan sọ ọ́ sí mi létí pé ká ní òun rí ibòmíì tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọbìnrin ní bọ́ọ̀lù láti ibí dé ibùdókọ̀ Command, òun náà ì bá ti lọ. Ó kúkú sòótọ́, ó sàn ju àwọn ẹlẹ́kún lọ. Èmi náà ti gbé irun mi lọ sọ́dọ̀ onídìrí mìíràn ní Pleasure.

Mo rò pé a ti borí. Mo ń yan fanda kiri.

Àfi Sátidé tó kọjá yìí. Ọmọ kan tí kò gbá góòlù wọlé rí láyé rẹ̀ gbá ọ̀kan wọlé. Inú rẹ̀ dùn débi pé kò mọ ibi tó máa sá sí, ló bá ya apá méjèèjì, ó sáré tọ Bísọ́lá lọ. Bísọ́lá fẹ̀yìn rìn. Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè kọjá orí, bí ẹni tí ọlọ́pàá na ìbọn sí. Ojú rẹ̀ ò sí lára ọmọ náà rárá, ọ̀dọ̀ àwọn òbí ló ń wò. Ìgbà tó wo ibẹ̀ tán ló tó pàtẹ́wọ́.

Ọmọ náà dúró pẹ̀lú apá rẹ̀ ní yíyà. Nígbà tó yá, ó ká a, ó pa dà sáàárín pápá.

Ohun tí Mọ́mì Fèyí fi ìbéèrè kékeré lásán ṣe nìyẹn o! Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ni pé àánú tí èèyàn ò lè gbé dìde kúrò níwájú tẹlifíṣàn, kì í ṣe àánú, ìranù ni. Ó rọrùn láti sunkún fún ẹni tí kò ní bá wa pín ọgbà láéláé.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ni wọ́n ti fojú fẹ́sùn kàn báyìí ládùúgbò yín, kí lẹ sì ṣe sí i? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, mo fẹ́ kà á. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ wá bi mí bóyá lóòótọ́ ni ọ̀rọ̀ Bísọ́lá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sinmi ìka yín.