Àjẹ̀ Tó Dúró Láàárín Odò

Ìyá Ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì bímọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó máa kọ ohun tí àwọn èèyàn inú géèmù orí kọ̀ǹpútà ń sọ. Ibi iṣẹ́ wọn kò ju pálọ̀ ẹnì kan lọ: tábìlì mẹ́ta, fáànù kan tó ń ráhùn látàárọ̀ ṣúlẹ̀, àti fèrèsé tó kọjú sí ògiri aládùúgbò. Ọ̀gá ló ni tábìlì ẹnu ọ̀nà. Ọkùnrin tí wọ́n ń pè ní Jagunjagun ló jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, òun ló ń ṣètò gbogbo ìjà inú géèmù. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn tàn yín jẹ o. Bí aáyán bá fò wọlé, orí àga ni Jagunjagun máa ń sá gùn.

Ẹni tó bá ń gbá géèmù wọn á di ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ń wá ìyá rẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ odò. Ní èbúté kọ̀ọ̀kan ni yóò ti bá àwọn jàǹdùkú pàdé, tí yóò fi àjẹ̀ ọkọ̀ rẹ̀ lù wọ́n. Bó bá ti ṣẹ́gun wọn, arúgbó obìnrin kan tí wọ́n jọ wà nínú ọkọ̀ á wá sọ díẹ̀ fún un nínú ohun tó mọ̀ nípa ìyá yẹn. Ohùn ìyá tó bí òun gan-an, tó ti dolóògbé, ni Ìyá Ọ̀rọ̀ fi sí arúgbó yìí lẹ́nu. Bó ṣe máa ń pẹ́ kó tó dé orí ọ̀rọ̀, bó ṣe máa ń kọ́kọ́ bú èèyàn kó tó wá kẹ́ ẹ, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó ń fetí sí i. Nígbà tí wọ́n pe àwọn ará àdúgbò wá dán an wò, bí ìjà bá ti parí tí arúgbó lanu, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ yọ lójú kọ̀ǹpútà báyìí, ṣe ni wọ́n ń tẹ bọ́tìnnì léraléra kó lè tètè kọjá lọ. Èyí tó dun Ìyá Ọ̀rọ̀ jù ni ti awakọ̀ takisí kan, ẹni tó sọ páàdì tí wọ́n fi ń gbá géèmù sórí tábìlì, tó ní, "Ìyá yìí mà lẹ́jọ́ o. Ẹ jẹ́ ká jà." Jagunjagun rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ọ̀gá kò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Ó ní ìdánwò kan ṣoṣo ló kù. Bí àwọn èèyàn bá tún fo ọ̀rọ̀, òun á yọ arúgbó kúrò, ìjà nìkan ni yóò kù, géèmù tí kò bá sì ní ọ̀rọ̀ nínú kò nílò ẹni tí yóò máa kọ ọ́. Kò fi ìbínú sọ ọ́ rárá, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí ẹ̀rù ba Ìyá Ọ̀rọ̀.

Nígbà tó di Sátidé, ó lọ dirun lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó ní ṣọ́ọ̀bù onídìrí. Kò sí ìròyìn tí kì í sí lẹ́nu ẹ̀gbọ́n yìí. Ó bẹ̀rẹ̀ láti iwájú orí, níbi tí irun ti kúrú, ó ń fà á bí ẹni pé irun náà ṣẹ̀ ẹ́. Omi lé ròrò sójú Ìyá Ọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n sọ nǹkan kan, òun náà sì dáhùn pé ẹn-ẹ́n. Ọwọ́ tó ń dirun dúró.

"Kí ni mo sọ?"

Kò mọ̀. Ó méfò, ó ní bóyá ọ̀rọ̀ onílé ni. Ẹ̀gbọ́n pòṣé, ó ní òun ò ní tún un sọ. Látìgbà yẹn, "Gbórí sókè" àti "Tẹrí" nìkan ló ń ti ẹnu rẹ̀ jáde, ìwọ̀nyẹn sì ni àbúrò ń gbọ́ ketekete. Ìgbà tí irun parí, ẹ̀gbọ́n bu òróró sọ́wọ́, ó rọra ń fi pa á lórí. Orí tó ti ń ta á bẹ̀rẹ̀ sí í tutù.

"Mo ní mo lóyún," ni ẹ̀gbọ́n wí. "Mo sọ ọ́ fún ẹ, o ní ẹn-ẹ́n."

Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń retí ọ̀rọ̀ yẹn nínú ẹbí wọn. Ìyá Ọ̀rọ̀ yíjú padà, ó gbá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ́ra, ó sunkún ayọ̀, òróró sì ba aṣọ àwọn méjèèjì jẹ́.

Ṣùgbọ́n bó ṣe ń lọ sílé, ojú ń tì í díẹ̀. Ìròyìn tó dùn tó báyìí ti kọ́kọ́ gba etí òun kọjá, torí pé orí ń dun òun nígbà tí wọ́n sọ ọ́. Ló bá dúró sójú títì. Àwọn tó ń gbá géèmù yẹn kò kórìíra arúgbó. Bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń lu jàǹdùkú ni òun àti Jagunjagun tún fún wọn láti fi fo ọ̀rọ̀, ọwọ́ tó ṣì gbóná kò sì mọ̀ pé ìjà ti tán. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń dá rẹ́rìn-ín lójú ọ̀nà bí ẹni tó mutí.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó gbé àga rẹ̀ lọ bá Jagunjagun. Ó ní bí ìjà bá parí, kí ẹnikẹ́ni má sọ nǹkan kan. Kí ẹni tó ń gbá géèmù fúnra rẹ̀ gbé àjẹ̀, kó rọra tukọ̀ kúrò létí odò, ìgbà tí ọkàn rẹ̀ bá balẹ̀ ni kí arúgbó tó lanu. Láàárín ìjà, "Ẹ̀yìn rẹ!" nìkan ti tó kí arúgbó sọ. Jagunjagun ní odò tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀ á mú èèyàn sùn ni, ọ̀nì lòun fẹ́ kó síbẹ̀. Ó fẹ́ràn ọ̀nì púpọ̀. Wọ́n fà á títí, kí Jagunjagun tó gbà láti kó àwọn ọ̀nì rẹ̀ kúrò, bí Ìyá Ọ̀rọ̀ bá lè gé ọ̀rọ̀ arúgbó sí ìdajì. Ó tún ní bí ọkọ̀ bá ti gúnlẹ̀, kí ọ̀rọ̀ dúró síbi tó dé, kí ẹni tí kò bá fẹ́ gbọ́ lè yára tukọ̀ kọjá.

Gígé náà dun Ìyá Ọ̀rọ̀ wọra. Ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ gan-an ló ń gé sọnù. Jagunjagun rí ojú rẹ̀, kò sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́tẹ̀ yìí. Ṣe ló jókòó tó ń tún ìró omi ṣe, kó má bàa bo ohùn arúgbó mọ́lẹ̀.

Ọjọ́ ìdánwò pé, awakọ̀ takisí náà sì tún dé. Ó jà bí ó ṣe máa ń jà, ó ń làágùn. Arúgbó pariwo pé "Ẹ̀yìn rẹ!", ó yíjú, ó lu ẹni yẹn ṣubú, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ arúgbó bí ẹni pé ó wà nínú yàrá. Ó gbé àjẹ̀. Arúgbó kọ́kọ́ bú u pé kò mọ ọkọ̀ tù, awakọ̀ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni arúgbó rẹ ohùn sílẹ̀, tó ní, "Ìyá rẹ kò sá fún ẹ o. Jókòó kí n sọ fún ẹ."

Èbúté kejì ti hàn lọ́ọ̀ọ́kán. Lójijì, ọkọ̀ dúró gbagidi láàárín odò, kò lọ, kò bọ̀. Ọ̀gá dìde, ó rò pé kọ̀ǹpútà ti há, ó fẹ́ lọ pa á kó tún un tàn. Ìyá Ọ̀rọ̀ di apá aṣọ rẹ̀ mú.

"Kò há, sà," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. "Awakọ̀ fúnra rẹ̀ ló dá àjẹ̀ dúró. Kò fẹ́ gúnlẹ̀ kí arúgbó tó sọ̀rọ̀ tán."

Awakọ̀ kò wẹ̀yìn. Ó kàn gbé ọwọ́ kan sókè sí wọn pé kí wọ́n dákẹ́.