Ọkọ̀ Kékeré Tí Wọ́n Ní Kí N Jù Nù

Mi ò ju ọkọ̀ mi nù, kò sì sẹ́ni tó máa bá mi jù ú.

Ọkọ̀ ìṣeré oní-rìmóòtù ni, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Bí mo bá yí i sọ́tùn-ún, táìlì ilẹ̀ méjì péré ló fi ń yí po. Bí mo bá yí i sósì, ó ń gba táìlì márùn-ún. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fi ṣọ́ọ̀kì wọ̀n ọ́n láàárọ̀ yìí.

Mo gbé e padà sọ́dọ̀ ọkùnrin atúnǹkanṣe tó tú u tún ṣe fún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, nítòsí Sábó. Kò tilẹ̀ wò ó.

"Mọ́mì, bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Ẹ jù ú nù, kí ẹ ra tuntun fún ọmọ-ọmọ yín."

"Ọmọ-ọmọ wo? Tèmi ni."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin náà ń wa tọ́ọ̀yì?"

"Mò ń wà á. Gbé sukudiráfà rẹ wá."

Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀. Mo yọ apá kékeré tó ń ti táyà iwájú, mo tan ọkọ̀ náà kí ẹ̀rọ kékeré tó ń yí apá náà lè padà sáàárín, mo wá dá apá náà padà. Nígbà tí òun tú u, kò tan án kó tó dè é, ló fi wọ́.

Níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ọkọ̀ mi yí po sọ́tùn-ún, ó yí po sósì, ọgbọọgba.

"Ẹ kọ́ mi, Mà."

Mo ní kó kọ́kọ́ bẹ ọkọ̀ mi. Ó bẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀yin ńkọ́? Kí ni wọ́n ní kí ẹ jù nù, tó ṣì ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ yín?