Ààyè Márùn-ún Tí Mo Fi Sílẹ̀ Lófìfo

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí a ṣe ń wá ilé ìwé fọ́mọ ní Adó-Èkìtì, kó wá bi mí. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń ṣe tíṣà. A kì í gbọ́ "àyè ti kún" níbí. Tí ọ̀gá ilé ìwé bá sọ bẹ́ẹ̀, òbí á lọ mú àgbàlagbà kan wá, àwọn méjèèjì á jókòó sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì, wọ́n á máa kí gbogbo ẹni tó bá ń kọjá, títí ọ̀gá á fi ní kí wọ́n wá àga kan sí i. Èmi fúnra mi ti gbé irú àga bẹ́ẹ̀ wọ kíláàsì tí àwọn ọmọ ti ń fi ìgbọ̀nwọ́ gún ara wọn. Ọgbọ́n tí mo ní nìyẹn. Òun náà ni mo fẹ́ lò fún òyìnbó.

Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ lọ. Ó ń tọ́jú àwọn arúgbó ní ìlú kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tó yá, físà àwọn ọmọbìnrin wa méjèèjì jáde, ẹ̀gbọ́n ọmọ ọdún mẹ́wàá, àbúrò ọmọ ọdún méje. Tèmi ò tíì jáde. Ó wá ku ilé ìwé. Ìyàwó mi ní kí n bá òun kọ fọ́ọ̀mù tí ìjọba ìbílẹ̀ wọn fi ń pín àwọn ọmọ.

"Ẹ̀yin lẹ jẹ́ tíṣà," ó ní. "Tí n bá ti ibi iṣẹ́ dé, ojú mi kì í ríran mọ́. Ẹ ṣáà rí i pé ibì kan náà ni wọ́n á máa lọ. Èmi nìkan ni mo wà níbí, n ò lè sin ọmọ méjì gba ọ̀nà méjì láàárọ̀."

Ààyè mẹ́fà ló wà nínú fọ́ọ̀mù náà. Wọ́n ní ká kọ èyí tó wù wá jù, ká kọ èyí tó tẹ̀ lé e, títí dé ìkẹfà. Mo kọ ilé ìwé tó wà lẹ́bàá ilé ìyàwó mi. Ìyá mi, tó wá kí wa láti Ìyìn, jókòó tì mí.

"Kí lo tún fẹ́ kọ?"

"Ìkejì ni, Mọ́mì. Bóyá wọn ò ní gbà wọ́n ní ti àkọ́kọ́."

"Ọmọ mi, ọjọ́ mẹ́ta ni ìjọ wa fi gbààwẹ̀ lórí ulé ùwé kan. Ṣé mẹ́fà lo wá fẹ́ tò síwájú Ọlọ́run, bí ẹni ń pàtẹ ọjà? Ẹni tó bá ń wá ìkejì ti ṣiyèméjì."

"Òyìnbó ló ní ká kọ ọ́, Mọ́mì."

"Ṣé òyìnbó ló bí ọ ni?"

Mo rẹ́rìn-ín. Kí n má di ẹ̀bi ru ìyá mi o. Ìgbàgbọ́ ló mú tirẹ̀ wá. Èmi gbọ́kàn lé ẹ̀bẹ̀: tí wọ́n bá ní ó kún, a ó bẹ̀ wọ́n. Mo fi ààyè márùn-ún yòókù sílẹ̀, mo sì fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́.

Mo wà ní àdúgbò Adébáyọ̀, tí wọ́n ń bá mi ṣe fọ́tòkọ́pì ìbéèrè ìdánwò, nígbà tí èsì wọlé sórí fóònù mi. Ilé ìwé náà ti kún. Níwọ̀n bí a ò ti kọ òmíràn, ibi tí àyè bá ṣẹ́ kù sí ni wọ́n fi àwọn ọmọ sí. Ẹ̀gbọ́n wà ní ìpẹ̀kun ìlú lápá kan, àbúrò wà ní ìpẹ̀kun kejì.

N kò sọ fún ìyàwó mi. Mo kọ lẹ́tà sí ọ̀gá ilé ìwé tó ti kún yẹn. Mo kí i, mo kí àwọn tíṣà rẹ̀, mo bá a kẹ́dùn òtútù. Mo ní tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ àga ni, èmi á ra àga. Ó fi gbólóhùn mẹ́ta dá mi lóhùn: ó dúpẹ́, ó ti fi orúkọ wọn sẹ́yìn àwọn tó ń retí àyè, ó kí mi pé ó dàbọ̀. N ò mọ àgbàlagbà kankan nílùú yẹn tí mo lè bẹ̀ kó bá mi jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án kí àwọn ọmọ wọ ọkọ̀ òfuurufú, mo jẹ́wọ́ fún un lórí fóònù.

"Ìkejì ńkọ́?" ìyàwó mi bi mí. "Àwọn náà ò gbà wọ́n?"

"N ò kọ ìkejì."

"Ìkẹta?"

Mo ní ẹyọ kan péré ni mo kọ.

"Ìwọ," ó ní. Láti ọdún tí a ti fẹ́ra, kò pè mí bẹ́ẹ̀ rí. "Ìwọ tíṣà."

Mo gbọ́ tó ń sunkún, tó sì ń gbìyànjú kí n má gbọ́. Lẹ́yìn náà ó ní kí ẹ̀gbọ́n máa bọ̀, nítorí òun lè kọ́ ọ láti dá wọ bọ́ọ̀sì. Kí àbúrò dúró tì mí títí àyè á fi yọ nítòsí ilé, nítorí tí òun bá ń sìn ín dé ìpẹ̀kun ìlú láàárọ̀, òun ò ní bá iṣẹ́. Mo bi í pé ìgbà wo nìyẹn. Ó ní òun ò mọ̀.

Àpótí kan náà ni àwọn ọmọ ti kó ẹrù wọn sí. Èmi ni mo sọ fún wọn, mo sì ní kí wọ́n ya ẹrù náà sọ́tọ̀. Àbúrò ń yọ aṣọ tirẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń kó o lé bẹ́ẹ̀dì.

"Dádì, ṣé mo ṣe nǹkan tí kò dáa ni?"

Mo ní, "Rárá. Èmi ni mo ṣe é. Wọ́n ní kí n kọ ilé ìwé mẹ́fà, mo kọ ẹyọ kan."

"Kí ló dé tí ẹ ò kọ yòókù?"

"Mo rò pé tí mo bá bẹ̀ wọ́n, wọ́n á gbà."

Ó wò mí, bóyá ó ń retí kí n fi ọ̀rọ̀ náà ṣe yẹ̀yẹ́ bí mo ti máa ń ṣe. Ó mú ìbọ̀sẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti bá tirẹ̀ jáde, ó ká a, ó dá a padà sínú àpótí.