Ibi Tí Adìẹ Lè Yà Sí

Ọdún tí bàbá mi kú ni mo lọ mú màmá mi wá sí Abuja láti Ìsẹ́yìn, torí mi ò fẹ́ kí wọ́n máa dá gbé. Ilé mi wà lẹ́yìn ọjà àga ní Kugbo, ọgbà rẹ̀ ga, géètì irin ló sì ní. Láràárọ̀, kí n tó lọ sí ọ́fíìsì ní Garki, màá ti géètì láti ìta, màá fi kọ́kọ́rọ́ sínú báàgì. Màmá ò gbọ́ Hausa, wọn ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Mo ní bí wọ́n bá ṣìnà, ta ni wọ́n máa bi?

Kò tó oṣù mẹ́ta tí màmá fi rù. Wọ́n ń jẹun bí ẹni ń lo oògùn ni. Lọ́jọ́ tí wọ́n ní àwọn fẹ́ padà sílé, inú mi bàjẹ́, mo sì tún bínú. Kí ni mi ò ṣe? Mo rò ó títí, mo wá ra adìẹ márùn-ún fún wọn, torí adìẹ kì í wọ́n ní ẹ̀yìnkùlé wọn nílé. Káfíńtà kan bá mi kan àgò onígi fún wọn, mo gbé e ti ògiri, mo ń yin ara mi.

Ọ̀sẹ̀ kan ò tíì pé tí àwọn yòókù fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá àgbébọ̀ funfun kan lórí, tí ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn sí i lójú. Mo ní oníjà ni wọ́n tà fún mi, ọjà Abuja náà ni. Màmá ń fi aṣọ tútù nu orí adìẹ náà. Wọ́n ní kò sí ohun tó ṣe àwọn adìẹ yìí. Nílé náà, adìẹ ní àgbà, ó ní ọmọdé. Àgbà á ṣá ọmọdé lẹ́ẹ̀kan, ọmọdé á yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ìjà parí, wọ́n á tún jọ máa jẹ̀.

"Èyí náà fẹ́ yà," màmá ní. "Ibi tó máa yà sí ni kò sí."

Wọ́n kó gbogbo wọn jáde nínú àgò, wọ́n fi àkísà so wọ́n lẹ́sẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan sídìí igi dógóńyárò, bí a ti í ṣe fún adìẹ tuntun kó lè mọ ilé. Lọ́jọ́ kẹrin, wọ́n tú wọn. Ẹ̀rù ń bà mí pé àwọn adìẹ á gba abẹ́ géètì jáde. Wọ́n sì jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n nírọ̀lẹ́, márààrún ti wọlé. Ìjà náà tán. Adìẹ kan náà ni o, ààyè nìkan ló yí padà.

Lọ́jọ́ kejì, mo tètè dé láti ibi iṣẹ́. Àwọn adìẹ ń ṣa kòkòrò jẹ ní ìta, lẹ́bàá gọ́tà. Bí mo ṣe mú kọ́kọ́rọ́ jáde ni mo rí ojú kan nínú àlàfo géètì. Màmá mi dúró sí inú, wọ́n ń wo àwọn adìẹ wọn. Mi ò mọ ìgbà tí wọ́n ti dúró síbẹ̀.

Mo ṣí géètì. Mo fi kọ́kọ́rọ́ náà lé wọn lọ́wọ́, mo ní kó máa wà lọ́dọ̀ wọn, kí wọ́n máa jáde nígbà tó bá wù wọ́n. Màmá wò ó, wọ́n wò mí.

"Mo ti rò pé o ò fẹ́ kí àwọn ará ibí rí mi ni," wọ́n ní. "Nítorí ilà ojú mi."

Mo kúnlẹ̀ lẹ́nu géètì níbẹ̀, mo di ẹsẹ̀ wọn mú, mo ń sunkún bí ọmọdé.