Agolo Tí Wọ́n Fi Ṣe Búùṣì

"Bí o bá lá yìnyín yẹn pẹ́nrẹ́n, màá ránṣẹ́ sí ìyá rẹ!" ni Baba mẹkáníìkì pariwo.

Mo yára dá ahọ́n mi padà sẹ́nu. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà náà. Abọ́ yìnyín wà lọ́wọ́ mi, omi tútù ń kán sí mi lẹ́sẹ̀. Ìyá mi ló ń ta yìnyín ní àdúgbò wa ní Ìkẹ́rẹ́, Baba mẹkáníìkì tó wà lẹ́yìn ilé wa sì ni oníbàárà rẹ̀ tó ṣàjèjì jù lọ. Kì í fi mumi. Irin ló ń fi í ṣètọ́jú.

Ọkọ̀ ńláńlá ni Baba ń tún ṣe: katapílà àti gíréédà, èyí tí ń fi abẹ gbọọrọ ha ojú ọ̀nà. Níbi tí ẹsẹ̀ iwájú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ti ń yí sọ́tùn-ún sósì, òrùka idẹ kan wà nínú ihò irin, ọ̀pá irin tí wọ́n ń pè ní píìnì sì gba inú rẹ̀ kọjá. Búùṣì ni òrùka yẹn. Òun ni kì í jẹ́ kí irin máa jẹ irin. Búùṣì tuntun máa ń tóbi ju ihò rẹ̀ lọ díẹ̀. Àwọn mẹkáníìkì yòókù á fi òòlù lù ú wọlé, gbàgà gbàgà, bí ẹni ń pa ejò. Baba kò jẹ́. Á ri búùṣì sínú yìnyín, á bu iyọ̀ sí i, á sì fi iná gáàsì ra ihò irin náà títí yóò fi gbóná. Idẹ á súnkì, ihò á fẹ̀ díẹ̀. Baba á wá fi ìka méjì péré gbé e wọlé. Ṣíììì! Ooru funfun á rú, òórùn gíríìsì á gba gbogbo ọgbà.

"O rí i? Urin gan-an ń fẹ́ kí a bẹ òun."

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tó ń bí mi nínú láti bí ogójì ọdún.

Kọngílá kan tó gba iṣẹ́ ọ̀nà Èmùré gbé gíréédà rẹ̀ wá. Ọmọ ìjọ wa ni. Ó ní dírẹ́bà òun á yí sítíárìn títí kí táyà tó dáhùn. Baba di ẹsẹ̀ iwájú ọkọ̀ náà mú, ó mì í, ó ń ró gogogo bí eyín arúgbó.

"Búùṣì ti jẹ tán. Ọjọ́ mẹ́ta."

"Ọjọ́ mẹ́ta kẹ̀? Baba, ọ̀sẹ̀ yìí ni wọ́n ń bọ̀ wá wo ọ̀nà náà! Ẹ sáà gé agolo tòmátì, kí ẹ fi wé píìnì ẹ̀, kí ẹ kun gíríìsì sí i. Ta ló máa tú u wò?"

"Ẹni tí yóò jókòó sórí ẹ̀ ńkọ́?"

"Dírẹ́bà mi ni, kì í ṣe ọmọ yín."

Baba nawọ́ sí ẹnu ọ̀nà. "Gbé e kúrò nínú ulé mi."

Ó gbé e lọ lójú gbogbo wa, ó wá ẹni tó fi agolo sí i níbòmíràn. Ní ọjọ́ kejì, ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wà nítòsí òkè Olósùnta, dírẹ́bà yí sítíárìn, táyà kò dáhùn. Gíréédà wọ ilé ìdáná obìnrin kan. Ọpẹ́lọpẹ́ pé obìnrin náà wà lóko. Dírẹ́bà fò sílẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kán.

Kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù, kọngílá ti dé ìpàdé àdúrà. "Baba yẹn ló tún un ṣe! Yìnyín ló fi ṣe é o! Ẹ gbọ́ nǹkan, yìnyín!" Ìjọ rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, bí ìyá mi bá patẹ, wọ́n á ní, "Ìyá yìnyín, ṣé eléyìí ò ní ṣẹ́ wa lẹ́sẹ̀?"

Baba gbé jáákì, ó lọ síbi tí ọkọ̀ náà wà, èrò tẹ̀ lé e. Ó fa píìnì yọ. Agolo já bọ́, ó ti fàya bí ewé gbígbẹ, àwòrán tòmátì sì wà lára rẹ̀ tó pọ́n rokoṣo. Kọngílá ń wo òkè bíi pé òjò ń bọ̀.

Ṣé ẹ rò pé ó ti tán? Ní ìrọ̀lẹ́, àwọn àgbà ìjọ wá bá Baba. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀. Àgbà ni yín." Kí ló dé tó jẹ́ ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ni wọ́n máa ń bẹ̀ pé kó dákẹ́?

"Inú ṣọ́ọ̀ṣì ni ẹ ti bà mí lórúkọ jẹ́," ni Baba wí. "Ubẹ̀ ni kí ẹ ti tún un ṣe."

Lọ́jọ́ Ìsinmi, akọ̀wé ka ìkéde: ìgbéyàwó, ìsọmọlórúkọ, àní ewúrẹ́ tó sọnù. Ó ká ìwé rẹ̀. Baba dìde.

"Akọ̀wé, ìkéde kan kù."

"Kò sí mọ́ níbí, Baba."

"Ó kù. Mo lè dúró."

Ó sì dúró. Ta ló máa dá orin nígbà tí arúgbó wà lórí ìdúró? Kọngílá ń ṣí ìwé orin, ó ń wá orin tí ẹnikẹ́ni ò tíì pè. Nígbà tó pẹ́, akọ̀wé kùn pé Baba kọ́ ló tún ọkọ̀ náà ṣe, pé agolo ni wọ́n fi sí i.

"Ta ló ní kí wọ́n fi sí i? Ẹ kà á tán!" Ìyá mi nìyẹn, láti ìlà àwọn obìnrin.

Kọngílá dìde. "Èmi ni." Ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹ̀fọn lọ. Baba dúpẹ́, ó jókòó.

Olùkọ́ ni mí ní Ìsẹ̀ báyìí. Bí mo bá nawọ́ nípàdé, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi á mí kanlẹ̀, wọ́n mọ̀ pé a ò ní tètè lọ sílé. Baba ló kọ́ mi ní ìdúró yẹn. Ṣùgbọ́n inú ń bí mi sí òun náà díẹ̀. Nígbà tí gbogbo ìjọ dákẹ́ tí wọ́n ń gbọ́ tirẹ̀, kò bi wọ́n léèrè ẹni tó ń tọ́jú dírẹ́bà. Àwa náà ò bi wọ́n. Títí ọkùnrin náà fi kú ló ń tiro kọjá níwájú ilé wa, tó ń kí wa káàárọ̀.