Ẹrẹ̀ Ẹsẹ̀ Bàbá Katikíìsì

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ní abúlé wa lábẹ́ òkè, lójú ọ̀nà tó lọ láti Ìdáàṣà sí Lèma, ọjọ́ Àìkú ní ọ̀wọ̀ tirẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí aṣọ yín kún àpótí, ẹ má fi wá rẹ́rìn-ín o: aṣọ kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ nínú wa ní fún ilé Ọlọ́run. À ń fọ̀ ọ́ lọ́jọ́ Sátidé, à ń sá a sórí àpáta, a sì ń jókòó tì í kí ewúrẹ́ má baà rìn kọjá lórí rẹ̀. Títí di òní, bí mo bá gbóòórùn ọṣẹ lára aṣọ tó gbẹ sóòrùn, ọkàn mi a padà sórí àpáta yẹn.

Àbúrò ìyá mi, tí mo ń pè ní Tàǹtí, ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún yín. Tàǹtí fẹ́ràn oge. Bí a bá rán an lọ sí ọjà Ìdáàṣà, ọ̀dọ̀ àwọn ìyá Mùsùlùmí tó ń ta tìróò àti yẹtí ni ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́kọ́ ń yà sí, kó tó rántí iyọ̀ tí a ní kó rà. Gèlè rẹ̀ wá ni àgbà. Ó ń wé e sókè tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó bá jókòó lẹ́yìn rẹ̀ nínú Mísà fi ní láti na ọrùn kó tó rí pẹpẹ. Bí ó bá ń kọjá lọ, inú mi a máa dùn bí ẹni pé èmi ni mo wé e.

Ẹni tí gèlè yìí kò bá lára mu ni bàbá katikíìsì wa. Àgbẹ̀ bíi tiwa ni, ṣùgbọ́n òun ló ń kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́, òun náà ló ń darí àdúrà, nítorí ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni àlùfáà, tí a ń pè ní Mọ́ńpẹ̀, ń ráyè dé ọ̀dọ̀ wa. Ènìyàn dáadáa ni bàbá yìí. Bí àìsàn bá wọ ilé kan, òun ni wọ́n á kọ́kọ́ rí lẹ́nu ọ̀nà. Àmọ́ tó bá ti di ọ̀rọ̀ oge, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. “Asán ni! Ọkàn ni Ọlọ́run ń wò, kò wo gèlè!” Bẹ́ẹ̀ sì ni ṣòkòtò funfun aláṣọ tẹrigáàlì tí òun alára ń wọ̀ rèé, ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ló ń fi irin eléèédú lọ̀ ọ́, tí ojú ìlà rẹ̀ mú débi pé àwa ọmọdé máa ń sọ pé ó lè gé iṣu. Ta ló jẹ́ sọ ọ́ sí i létí?

Ní ọdún tí mò ń wí yìí, Tàǹtí bí ọmọbìnrin kan. Ó ti bí méjì ṣáájú, àwọn méjèèjì ni kò dúró dé ìgbà tí wọn ì bá ṣe ìsàmì fún wọn. Ọ̀rọ̀ yẹn ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Bí ọmọ yìí bá wúkọ́ lásán, oorun dá lójú rẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí a gbọ́ pé Mọ́ńpẹ̀ ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú, ó bú sẹ́kún ayọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó oge jọ.

Bàbá katikíìsì gbọ́, ó wá bá a lágbàlá wa. Ó ní, “Bí o bá gbé òkè Ìdáàṣà rù wá lọ́jọ́ Àìkú, ìta ni ìwọ àti ọmọ rẹ ó wà.”

Tàǹtí kúnlẹ̀ kí i, ó ní, “Bàbá, Ọlọ́run tó fi òdòdó sára òkè, ṣé ó bínú sí òkè ni?”

Bàbá yí padà lọ, ìyá mi sì gbá Tàǹtí létí, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ni òun náà ń fi ọwọ́ bò lẹ́nu.

Ìgbà Rẹfolúsíọ̀n ni o, ìyẹn ìyípadà tí ìjọba ológun gbé dé. Kamaráàdì, ìyẹn ẹlẹgbẹ́, ni wọ́n ń pe gbogbo wa, tàgbà tèwe. Nírọ̀lẹ́ Sátidé, dẹlẹgé, ìyẹn aṣojú ìjọba lábúlé, lu agogo káàkiri: gbogbo ènìyàn gbọ́dọ̀ wà ní oko àpapọ̀ ní ìdájí, kí a kọ poro òwú, ẹni tí kò bá wá, ọ̀tá Rẹfolúsíọ̀n ni. A bẹ̀ ẹ́ nítorí Mísà. Ó ní kí a yára ṣiṣẹ́, a ó bá a.

Òjò sì rọ̀. Ilẹ̀ dúdú yẹn, ẹ̀yin tó mọ̀ ọ́n, bí ó bá rin, kì í fẹ́ fi ẹsẹ̀ ẹni sílẹ̀. Abẹ́ igi ni mo jókòó sí, tí mo pọn ọmọ Tàǹtí, tí mò ń wo bí iṣẹ́ ò ṣe tán. Ìgbà tí wọ́n ṣì wà nínú ẹrẹ̀ ni a gbọ́ agogo ilé Ọlọ́run. Mọ́ńpẹ̀ ti dé, wọ́n sì ń retí rẹ̀ ní Akofodjoulè, abúlé mìíràn, lọ́jọ́ yẹn kan náà.

Ẹ wo wàhálà. Ilé jìnnà, ilé Ọlọ́run ló wà nítòsí oko. Bí a bá lọ ilé lọ wẹ̀, Mọ́ńpẹ̀ á ti lọ. Gbogbo wọn wá dúró gbagidi, wọ́n ń wo ara wọn láti òkè dé ilẹ̀. Ẹnì kan ní ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀, òun ò lè gbé àkísà oko lọ síwájú pẹpẹ. Ẹlòmíràn ní kí a fi í di ìgbà mìíràn.

Tàǹtí ti inú ẹrẹ̀ jáde wá sábẹ́ igi. Ó tú ọmọ lẹ́yìn mi, ó gbé e mọ́yà, ó sì kọjú sí ilé Ọlọ́run, pẹ̀lú ẹrẹ̀ dé orúnkún, àkísà kan tó wé mọ́rí, tìróò kò sí, yẹtí kò sí. Bí àwọn obìnrin ṣe rí i, wọ́n tẹ̀ lé e. Àwọn ọkùnrin náà tẹ̀ lé wọn.

Mísà lọ déédéé títí ó fi kan ìsàmì. Mọ́ńpẹ̀ béèrè ẹni tí yóò jẹ́rìí pé ìyá ọmọ ti kọ́ ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́. Bàbá katikíìsì nìkan ló lè jẹ́ ẹ̀rí yẹn. A wò síwá, a wò sẹ́yìn, a ò rí i, bẹ́ẹ̀ a jọ ti oko dé ni. Mọ́ńpẹ̀ ní láìsí ẹlẹ́rìí, kí ìyá ọmọ ní sùúrù di ìgbà tí òun bá tún dé. Mo rí ojú Tàǹtí nígbà yẹn, mi ò sì fẹ́ rí irú rẹ̀ mọ́.

Ojú fèrèsé ni mo ti tajú kán rí bàbá lẹ́yìn igi máńgòrò, tó ń fi ewé ha ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀. Mo na ìka. Tàǹtí sáré jáde, mo sì gba ẹ̀yìn rẹ̀ lọ.

Bàbá kò jẹ́ kọ ẹ̀yìn sí wa. Ṣòkòtò oko rẹ̀ ti ya ní ìdí, bẹ́ẹ̀ iwájú pátápátá ló gbọ́dọ̀ dúró, tí gbogbo ìjọ á wà lẹ́yìn rẹ̀. “Wọ́n á fi mí rẹ́rìn-ín,” ó sọ ọ́ bí ọmọdé.

“Wọ́n á rẹ́rìn-ín, Bàbá,” Tàǹtí dáhùn. “Èmi náà á rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n tí ẹ ò bá wọlé, ẹkún ni n ó sun.”

Ó gba aṣọ ìpọnmọ tó wà léjìká mi, ó ró o fún bàbá, ó tún etí rẹ̀ ṣe dáadáa bí ẹni ń ṣe ìyàwó lóge, ó sì fà á lọ́wọ́ wọlé. Ẹ̀rín sọ nínú ilé Ọlọ́run, Mọ́ńpẹ̀ pàápàá fi ìwé bojú. Bàbá dúró níwájú nínú aṣọ ọmọ, ó ní, “Mo jẹ́rìí,” omi sì ń dà lójú rẹ̀. Báyìí ni ọmọ náà ṣe gba ìsàmì.

Nígbà tí Mọ́ńpẹ̀ tún padà wá, Tàǹtí wọ gbogbo oge rẹ̀, kò ṣẹ́ ọ̀kan kù. Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ bàbá katikíìsì. Ó ní, “Ó yẹ ọ́, ọmọ mi. Àmọ́ lọ jókòó sẹ́yìn, kí àwa náà lè rí pẹpẹ.” Tàǹtí sì lọ jókòó sẹ́yìn.

Ayé ti yí, ẹ̀yin ọmọ mi. Kò sí dẹlẹgé mọ́, ilé Ọlọ́run ti di ilé sìmẹ́ǹtì, Mọ́ńpẹ̀ sì ń gbé àárín wa. Lọ́jọ́ Àjíǹde tó kọjá, ọmọ ọmọ mi kan kọ̀, kò bá mi lọ sí Mísà, nítorí aṣọ tuntun rẹ̀ kò tíì kúrò lọ́wọ́ télọ̀. Mo sọ ìtàn yìí fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó sì padà lọ sùn. Ó dùn mí, n kò ní purọ́. Èmi tí Tàǹtí fi ojú rere wò dàgbà, n kò lè kórìíra oge láéláé. Ohun tó ń ká mi lára ni pé, nígbà náà, ẹrẹ̀ bò wá dé orúnkún, a sì wọlé. Lónìí ara wa mọ́ tónítóní, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu, a wá dúró síta, à ń retí télọ̀.