Fífà Yàtọ̀ sí Rírù

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí obìnrin yìí ṣe lágídí tó, ẹ má bi òun fúnra rẹ̀, nítorí yóò ní òun kò lágídí rárá. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ni kí ẹ bi. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni nígbà tí wọ́n fi í sẹ́nu iṣẹ́ aṣọ rírán, ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà, ẹni tó ń fi iná jó irin pọ̀, sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Oṣù mẹ́ta péré ló fi ran aṣọ. Ó ní ariwo irin kò jẹ́ kí òun gbọ́ ohun tí ìyá aránṣọ ń sọ. Irọ́ ni, iná ọ̀hún ló ń wò. Ọ̀gá wẹ́dà ní òun kì í kọ́ obìnrin níṣẹ́. Obìnrin yìí ní kò burú, ó gbé ìgbálẹ̀, ó sì ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù náà láràárọ̀ fún oṣù méjì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́. Nígbà tó sú ọ̀gá, ó ju ìbòjú iṣẹ́ sí i.

Ní báyìí, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Ó ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, páánù ni wọ́n fi bò ó, géètì tí kò tíì lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ni ín sì máa ń fara ti ògiri níbẹ̀ nígbà gbogbo. Ìyá Onígéètì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Àpá iná wà lápá rẹ̀ ọ̀tún láti ọrùn ọwọ́ dé ìgúnpá, kò sì fi aṣọ bò ó rí. Títí di òní, àwọn oníbàárà ọkùnrin kan á wọlé, wọ́n á wo ọ̀tún, wọ́n á wo òsì, wọ́n á ní ọ̀gá làwọn ń wá. Á ní, “Ẹ ti rí i.” Ẹni tó bá tún bi í lẹ́ẹ̀kejì, Ìyá Onígéètì á fi owó kún owó iṣẹ́ onítọ̀hún.

Ohun kan ṣoṣo ló ń fìyà jẹ ẹ́ nínú iṣẹ́ yìí, ìyẹn bí géètì yóò ṣe kúrò ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Awakọ̀ kan ló máa ń háyà, Mo-ń-bọ̀ sì ni orúkọ tó fún un. Bí o bá pè é láago méje, mo ń bọ̀ ni. Bí o bá pè é láago mẹ́wàá, mo ń bọ̀ náà ni. Ìgbà tó bá sì dé, sìmẹ́ńtì ẹlòmíràn á ti kún ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀. Òun ló já géètì ilé ìwé kan sílẹ̀ lójú títì, tó wá gbé e débẹ̀ lọ́jọ́ kẹta pẹ̀lú òdòdó irin ara rẹ̀ tó ti rún. Ilé ìwé náà gbé ìyókù iṣẹ́ fún ẹlòmíràn. Ìyá Onígéètì sunkún lọ́jọ́ náà, inú sì bí i pé òun sunkún.

Kò pẹ́ sígbà náà ni iṣẹ́ ilé ìwòsàn dé. Wọ́n ń kọ́ ilé tuntun mẹ́fà sẹ́yìn ti àtijọ́, géètì àti irin ojú fèrèsé rẹ̀ tó iṣẹ́ ọdún kan gbáko. Ẹnjiníà tó ń bójú tó ilé náà wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó fọwọ́ ra ojú ibi tó ti jó irin pọ̀, kò rí àléébù kankan.

“Mà, iṣẹ́ yín tẹ́ mi lọ́rùn,” ló wí. “Ṣùgbọ́n láago méje àárọ̀ gbogbo ọjọ́ Ajé, mo fẹ́ rí ẹrù ọ̀sẹ̀ yẹn nílẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ bá ní awakọ̀ ló já yín kulẹ̀, ọjọ́ náà ni màá pe ẹlòmíràn.”

“Awakọ̀ kankan ò ní já mi kulẹ̀,” ni Ìyá Onígéètì dá a lóhùn. “Èmi fúnra mi ni màá máa gbé e wá.”

Kò ní ọkọ̀ nígbà tó sọ ọ̀rọ̀ yìí o. Owó tó ti ń tọ́jú láti ọdún mọ́kànlá láti fi kọ́ òkè ilé rẹ̀ ló gbé ojú lé. Ó ti ra àlòkù rí, ọjọ́ tí ọkọ̀ náà lò lọ́dọ̀ mẹkáníìkì sì ju ọjọ́ tó lò lójú títì lọ. Lọ́tẹ̀ yìí, píkáàpù tuntun ló fẹ́, èyí tó tóbi. Bó bá sì ra èyí tí kò tọ́, kò sí owó òmíràn. Iṣẹ́ ilé ìwòsàn á lọ, á tún padà sọ́dọ̀ Mo-ń-bọ̀.

Ohun tó kọ́kọ́ ṣe rèé. Ó kó odindi ẹrù tó tó ti ọ̀sẹ̀ kan, géètì àti irin fèrèsé, sọdá títì lọ sórí òṣùwọ̀n àwọn tó ń ra àlòkù irin. Kílò ẹgbẹ̀rin ó lé àádọ́ta. Òun náà gun òṣùwọ̀n, ọgọ́rin kílò. Ó ní kí igbákejì rẹ̀ gun òun náà. Ọkùnrin tó ti lé lógójì ọdún ni, ó tín-ín-rín débi pé Páálí ni wọ́n ń pè é; ọgọ́ta kílò ló wọ̀n. Ìyá Onígéètì fi ṣọ́ọ̀kì kọ gbogbo rẹ̀ sára ògiri, ó sì fi tépù wọn géètì náà: ẹsẹ̀ bàtà méje ní gígùn.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin gbọ́. Ẹ̀gbọ́n yìí ti fi ọgbọ̀n ọdún wa ọkọ̀ fún àwọn ọ̀gá ńláńlá kó tó fẹ̀yìn tì, kò sì sí ohun tó mọ̀ tó ọkọ̀, bí ẹ bá bi í. Ó ní wọn kì í jẹ́ kí obìnrin dá lọ ra ọkọ̀, wọ́n á rẹ́ ẹ jẹ. Kó tó di ọjọ́ tí wọ́n máa lọ, ó ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé dúdú bíi ti àwọn ọ̀gá ni ọkọ̀ àbúrò òun máa jẹ́.

Nígbà tí wọ́n dé ilé ìtajà, ẹ̀gbọ́n ni ọkùnrin tó ń ta ọkọ̀ kí. Ẹ̀gbọ́n ló fún ní àga, ẹ̀gbọ́n ló gbé omi tútù fún. Ó mú wọn lọ síwájú píkáàpù dúdú kan tó ń kọ mànà, ilẹ̀kùn mẹ́rin, àga aláwọ, ojú tẹlifíṣọ̀n níwájú awakọ̀. Ẹ má jẹ́ kí n purọ́ fún yín, ọkọ̀ náà wu Ìyá Onígéètì. Ó jókòó sórí àga yẹn, ẹ̀yìn tó ti ń dùn ún láti ìgbà tó ti ń bẹ̀rẹ̀ sórí irin sinmi díẹ̀. Ó tiẹ̀ rò ó lọ́kàn pé òun ti ṣiṣẹ́ tó ẹni tó lè jókòó síbi tó dára.

“Ọ̀gá, agbára tọ́ọ̀nù mẹ́rin ààbọ̀ ló ní,” ni atajà wí fún ẹ̀gbọ́n.

“O gbọ́?” ni ẹ̀gbọ́n wí. “Tọ́ọ̀nù mẹ́rin ààbọ̀. Kí ni géètì tìẹ wá jẹ́ níbẹ̀?”

Àṣà kan wà lára onígéètì. Kò lè ṣí ilẹ̀kùn kó má wo ibi tó ti so kọ́ àti ibi tó ti ń há. Ìyá Onígéètì bọ́ sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó wo ìsokọ́ ilẹ̀kùn, ó ní wọ́n ṣe é dáadáa. Ó wá yíjú sí ibi tó ń há. Ibẹ̀ ló ti rí ìwé pélébé kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ irin. Ó fa awò ojú rẹ̀ yọ, ó kà á, ó tún un kà. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ẹrù àti èèyàn tó bá wà nínú ọkọ̀ náà, lápapọ̀, kò gbọdọ̀ ju ẹgbẹ̀ta kílò lọ.

“Ẹ jọ̀ọ́,” ló wí fún atajà, “tọ́ọ̀nù mẹ́rin ààbọ̀ tí ẹ pè yẹn, ṣé ti fífà ni àbí ti rírù?”

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ọkùnrin náà máa wo ojú rẹ̀. “Ìkan náà ni, mà. Ó lè fa tirélà tó—”

“Ìkan náà kọ́. Mo lè fi okùn fa màlúù dé ilé mi. Ẹ wá gbé e lé mi lórí.”

Obìnrin tó ń nu gíláàsì lọ́ọ̀ọ́kán bú sẹ́rìn-ín. Atajà ṣí ìwé ọwọ́ rẹ̀ síwá sẹ́yìn, ó ń wá rírù, fífà nìkan ló wà lójú ewé tó dán. Kì í ṣe pé ó fẹ́ rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ, kí n má parọ́ mọ́ ọn. Kò tíì sí ẹni tó bi í rí ni. Ìyá Onígéètì ti fa tépù yọ, ó ń wọn ẹ̀yìn ọkọ̀. Ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún ààbọ̀. Géètì rẹ̀ á yọ sóde ní ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀, òun á sì tún máa so aṣọ pupa tó ń kìlọ̀ fún ọkọ̀ ẹ̀yìn mọ́ ọn bí ti ọkọ̀ Mo-ń-bọ̀.

“Èyí tó wà lọ́hùn-ún yẹn ńkọ́?” ló béèrè.

Funfun ni èyí tó wà lọ́hùn-ún. Ilẹ̀kùn méjì, àga gbọọrọ kan tó gba èèyàn mẹ́ta, fèrèsé tí wọ́n ń fọwọ́ yí. Wọ́n gbé e sí kọ̀rọ̀ bí ẹni tó dẹ́ṣẹ̀. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ ni ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó bẹ̀rẹ̀, ó kà á: ẹgbẹ̀rún kan kílò ó lé ogún.

Ó jókòó sétí ẹnu ọ̀nà ọkọ̀ náà, ó sì fi bírò ṣe ìṣirò sẹ́yìn ìwé atajà. Kílò ni wọ́n fi ń ta irin fún un láti ọjọ́ tó ti ń ra irin, ó sì pín owó ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan sí iye kílò tó lè rù. Owó kílò kan lórí ọkọ̀ dúdú ju ìlọ́po méjì owó kílò kan lórí ọkọ̀ funfun lọ. Ó bi atajà nípa táyà, nípa ẹ̀yà ara ọkọ̀ bóyá ó wà nítòsí, nípa ọdún tí wọ́n máa fi tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Ìkan náà ni fún méjèèjì. “Àga ló kù nígbà náà,” ló wí. “Ṣé àga ni mo máa wá fi owó òkè ilé mi rà?”

Ẹ̀gbọ́n fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. “Ọkọ̀ lébìrà lo fẹ́ rà yìí? Ojú wo ni mo máa fi wo àwọn èèyàn?”

“Ojú tí ẹ fi ń wò wọ́n tẹ́lẹ̀ náà ni, ẹ̀gbọ́n mi. Lébìrà sì ni mí.”

“Èmi tí mo ti wa ọkọ̀ lọ́gbọ̀n ọdún?”

“Ẹ wa ọkọ̀, n ò jiyàn. Àwọn tó ni ín ló rà á, àwọn ló mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe. Ojú olójú kò jọ ojú ẹni. Níbi tó ti wúwo ni ẹlẹ́rù ti ń gbé e, èmi sì ni ẹlẹ́rù.”

“Bí o bá ra funfun yẹn, má fi ọ̀rọ̀ ọkọ̀ lọ̀ mí mọ́ láyé.”

Ẹ̀gbọ́n kan ṣoṣo ni Ìyá Onígéètì ní. Síbẹ̀, ó mú bírò, ó sì tọwọ́ bọ ìwé ọkọ̀ funfun.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni ẹ̀gbọ́n fi ń gba ọ̀nà ẹ̀yìn lọ sílé kó má baà kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ tí iṣẹ́ ilé ìwòsàn bẹ̀rẹ̀, láago mẹ́fà àárọ̀, wọ́n ti di ẹrù tán, géètì sùn gbalaja láàárín ẹ̀yìn ọkọ̀, wọ́n sì ti pa ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ dé. Páálí ti wọlé. Ìyá Onígéètì ń gbé ẹsẹ̀ sókè láti wọlé nígbà tó rí ẹ̀gbọ́n. Ó wọ aṣọ tí wọ́n lọ̀ dáadáa, ó sì mú aṣọ pupa kan dání. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó kàn ní kí Páálí sún, ó sì jókòó.

Inú Ìyá Onígéètì dùn púpọ̀. Ṣùgbọ́n orí ló fi ń ṣírò, kì í ṣe ọkàn. Ẹrù, ẹgbẹ̀rin ó lé àádọ́ta. Òun àti Páálí, ogóje. Ọgbọ̀n kílò ló kù. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ti lé ní ọgọ́rùn-ún kílò, ọjọ́ ti pẹ́.

“Ẹ̀gbọ́n mi,” ló wí, ó sì tẹríba níbi tó dúró sí. “Ẹ má bínú. Ẹ sọ̀ kalẹ̀.”

“Èmi?”

“Ẹrù ti kún. Ẹ ó wọkọ̀ èrò bá wa níbẹ̀.”

“Èmi tí mo pọ̀n ẹ́ lọ sílé ìwé nígbà tí ẹsẹ̀ ń dùn ẹ́, èmi lo ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀?”

“Ẹ pọ̀n mí, n ò gbàgbé,” ni àbúrò rẹ̀ wí. “Ṣùgbọ́n kí ẹ tó pọ̀n mí, ẹ máa ń ní kí n kọ́kọ́ sọ báàgì ìwé mi kalẹ̀.”

Páálí ń wo iwájú bí ẹni tí kò sí níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bọ́ sílẹ̀, ó yí lọ sí ẹ̀gbẹ́ awakọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ikùn rẹ̀, ó sì ka ìwé pélébé náà fúnra rẹ̀, ó ń mi ẹnu díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó kà á tán, ó lọ sẹ́yìn ọkọ̀ láti so aṣọ pupa rẹ̀. Kò rí ohun kankan tó yọ sóde. Ó ká aṣọ náà, ó sì fi lu ara ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, bí àwọn awakọ̀ ṣe máa ń lù ú fún ara wọn pé ó yá.

Aago méje ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni wọ́n wọ ọgbà ilé ìwòsàn. Ẹnjiníà wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó wo ẹrù, ó wo Páálí tó ń tú okùn, ó wá wo ojú ọ̀nà lẹ́yìn wọn.

“Mà, awakọ̀ yín dà?”

“Ẹ ti rí i,” ni Ìyá Onígéètì wí.

Ẹnjiníà kò bi í lẹ́ẹ̀kejì.